Dókítà Oníwèé Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Bí ẹ bá pàdé Dókítà Albert Akínbọ̀wálé lọ́nà Òkè-Àfà, tí ẹ kí i pé "Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà," ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé kò ní dáhùn. Yóò dúró, yóò yọ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò sì máa wò yín títí ẹ ó fi rántí ohun tí ẹ gbàgbé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà oníwèé mẹ́tàdínláàádọ́ta."

Ìgbà yẹn ni eyín rẹ̀ yóò tó hàn. "Ẹ káàárọ̀. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

Ìwé tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rà lọ́jà. Ìwé ìwádìí ni, irú èyí tí oníṣègùn máa ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun láti fi sọ ohun tó rí lára aláìsàn. Jẹjẹrẹ àti àrùn awọ ara ni Dókítà mú ní tirẹ̀. Ó kọ iye ìwé rẹ̀ sára sáìnbọ́ọ̀dù iwájú kílíníìkì rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ó sì to orúkọ wọn sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí sáìnbọ́ọ̀dù náà fi ga ju òrùlé lọ. Nígbà tí ìjì kan jà, ìwé mẹ́rìnlá nínú wọn ló wó lu ilé adìẹ aládùúgbò. Aládùúgbò ń sunkún adìẹ, Dókítà ń wá ìwé.

Ẹ má bá a wí jù. Ọdún tí epo rọ̀bì sọ owó di omi ni, tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì tò sí Àpápá bí obìnrin ṣe ń tò sídìí ẹ̀rọ omi. Gbogbo nǹkan ló ń ga nígbà náà. Ilé ń ga, gèlè ń ga, gìgísẹ̀ bàtà àwọn ọkùnrin pàápàá ń ga. Kí ló dé tí sáìnbọ́ọ̀dù Dókítà kò ní ga?

Ẹ má sì rò pé ìwé mẹ́tàdínláàádọ́ta ṣòro í kọ. Làpálàpá ló mú àwọn kan nínú agbo ilé kan lẹ́bàá rélùwéè ní Òṣòdì. Dókítà kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé làpálàpá wà ní Òṣòdì. Ó kọ ọ́ sí Pàríìsì pé làpálàpá wà ní Èkó. Ó kọ ọ́ sí Amẹ́ríkà pé ó wà ní Nàìjíríà, ó tún kọ ọ́ sí Íńdíà pé ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Làpálàpá ti sàn tipẹ́, àwọn tó mú ti kó lọ sí Èjìgbò, ìwé ṣì ń lọ. Nígbà tí kò sí ibi tí yóò dárúkọ mọ́, Dókítà kọ ìwé kan láti fi ta ko ara rẹ̀, ó sì kọ òmíràn láti fi dá ara rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Làpálàpá kan, ìwé mẹ́fà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi ewúrẹ́ kan ṣoṣo ṣe ọdún mẹ́fà, bí kò bá jẹ́ ahun, yóò jẹ́ ọ̀mọ̀wé.

Ohun tó ń dun Dókítà ni pé èdè wa kì í bo àṣírí. Ẹni tó bá pè é ní oníwèé mẹ́tàdínláàádọ́ta ti sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé mẹ́ta ló kù kó di àádọ́ta. Àádọ́ta ló sì ń wá lójú méjèèjì. Ìjọba ti yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò fi owó epo kọ́ ilé ìwádìí jẹjẹrẹ fún ọ̀mọ̀wé tó bá tọ́ sí. Àlàájì Rájí, tí sìmẹ́ńtì sọ di ọlọ́rọ̀, ni alága ìgbìmọ̀, òun náà ló sì fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní Òkè-Àfà. Dókítà ti rí ilé náà lójú àlá. Ó ti rí Pijó 504 níwájú rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti bínú sí awakọ̀ tí kò tètè ṣílẹ̀kùn.

Ẹni tó gbé àádọ́ta wá bá a ni Sàfúrátù.

Àfín ni Sàfúrátù, ọmọ Ọ̀yọ́, alábàjà, tó ń ta abọ́ tánganran nínú oòrùn ní Bọ́ládé. Oòrùn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ àfín. Egbò kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún bí ibi tí kòkòrò jẹ, ó kọ̀, kò jinná. Dókítà kan ní ọsibítù ìjọba wò ó, ó ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, kí wọ́n tètè gé e nígbà tó ṣì kéré, torí bó bá wọlé dé egungun, ọ̀bẹ kò ní bá a mọ́. Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ẹ̀rù ọ̀bẹ yìí ló gbé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àrìnkẹ́, wá sídìí sáìnbọ́ọ̀dù gíga.

"Ta ló ní kí wọ́n gé e?" Dókítà béèrè.

"Dókítà ọsibítù ni, sà," Àrìnkẹ́ dáhùn.

"Ìwé mélòó ló ti kọ?"

Àrìnkẹ́ wo àbúrò rẹ̀. "A ò bi í, sà."

"Ẹ ò bi í! Ẹ fẹ́ gbé etí fún ẹni tí ẹ ò mọ iye ìwé rẹ̀! Bí ẹ bá fẹ́ ra àgbò iléyá, ṣé ẹ kì í la ẹnu rẹ̀ wò ni?"

Ó wọlé, ó gbé ìpara kan jáde, èyí tó ń rùn bí àdí tí wọ́n da káfúrà sí. Ó ní kí Sàfúrátù máa fi pa egbò náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó má sì fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù mọ́.

"Bó bá ń tóbi sí i ńkọ́, sà?" Sàfúrátù béèrè.

"Títóbi ni yóò kọ́kọ́ tóbi kó tó kéré. Ó wà nínú ìwé mi kọkànlélógójì."

Ọlọ́jà ni Àrìnkẹ́, kì í ra ọjà láìná an. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, kí ẹ̀yin wá fi ìpara yín pa ojú ọgbẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ wò ó sàn."

"Bí wọ́n bá gé e, kí lèmi fẹ́ kọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó wúkọ́, ó ní sáyẹ́ǹsì lòun ń sọ. Àrìnkẹ́ wò ó títí, ṣùgbọ́n Sàfúrátù ti di ìpara mú. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà á, ìpara kò sì ní ẹnu mímú. Dókítà ránṣẹ́ pe Rùfáì onífọ́tò láti Bọ́ládé, ó ní kó ya egbò náà dáadáa, kó sì jẹ́ kí ojú aláìsàn hàn. Ọjọ́ tí ọsibítù dá pé, ó kọjá lọ.

Egbò tó tó ẹ̀wà di egbò tó tó awẹ́ obì. Àrìnkẹ́ mú àbúrò rẹ̀ padà wá. Dókítà ní àrùn ló ń jáde. Awẹ́ obì di odidi obì. Dókítà ní ó ti fẹ́ jáde tán. Ó ní kí Sàfúrátù máa fi gèlè bo etí, kó jókòó sílé, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè é.

Òun fúnra rẹ̀ wá gba ṣọ́ọ̀bù Rùfáì lọ.

"Rùfáì, ṣé o ní fótò obìnrin àfín kankan, tó kọ ẹ̀gbẹ́ síni, tí ara rẹ̀ dán?"

Rùfáì wá inú àpótí. "Èyí nìyí, sà. Ìyàwó Mísbáù, télọ̀ tó wà ní Èjìgbò. Ó yà á nígbà ìsọmọlórúkọ. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Yóò bá mi dúró fún Sàfúrátù. Sàfúrátù ti ń sàn lọ nínú; ìta ni kò tíì gbọ́. Mi ò lè máa dúró de ìta."

Rùfáì gbé fótò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wò ó. Àbàjà ni Sàfúrátù, mẹ́ta tó sùn gbọọrọ. Pélé nìyí, òòró ló nà."

"Ìwọ Rùfáì, o ò mọ òyìnbó. Òyìnbó kì í ka ojú, ìwé ni wọ́n ń kà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè rí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti dá a lóhùn, inú rẹ̀ sì dùn."

"Kí lẹ wí fún un, sà?"

"Sáyẹ́ǹsì ni. Kò lè yé ọ."

Bí Dókítà ṣe rí ìwé mẹ́ta nínú etí kan nìyẹn: ọ̀kan lórí egbò, ọ̀kan lórí ìpara, ọ̀kan lórí ìwòsàn. Àádọ́ta pé. Ó pe akunlé pé kó wá tún sáìnbọ́ọ̀dù ṣe, ó sì ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n lò. Nítorí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, àwọn ìyá àdúgbò fi ìró wọn ta bo gbogbo fèrèsé, inú ilé sì ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan. Ooru mú. Dókítà wọ gáùn ọ̀mọ̀wé rẹ̀, dúdú, tí wọ́n fi aṣọ pupa gbá létí, ó ń làágùn bí àkàrà inú epo. Ó ti háyà Rùfáì pé kó ya gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọ̀gá ìjọba jókòó níwájú pẹ̀lú táì lọ́rùn. Àlàájì Rájí wà láàárín wọn nínú agbádá léèsì, àbàjà mẹ́rin mẹ́rin ń dán lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ebè tuntun.

Dókítà ṣí ìwé, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gẹ̀ẹ́sì. Àlàájì gbọ́wọ́ sókè.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ fi sílẹ̀. Kí àwọn ìyá wa gbọ́ ohun tí a tìtorí rẹ̀ fi sílẹ̀."

Ọlọ́gbọ́n yóò ti ní ọ̀fun ń dun òun. Ṣùgbọ́n ohùn ara Dókítà máa ń dùn mọ́ ọn ní èdèkédè. "Kò sí ìwé tí mo kọ tí n kò lè sọ ní èdè abínibí mi," ó ní. "Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe máa túmọ̀ rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ ìwé rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Mùktárù, tó dàgbà jù nínú gbogbo wa, sùn lọ nígbà tí wọ́n wà ní làpálàpá Òṣòdì. Nígbà tó jí, wọ́n ti dé làpálàpá Áfíríkà.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ìyá ní. "Kò tíì sàn?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Dókítà kò gbọ́. Ó mi orí sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ògiri sì mọ́lẹ̀. Ojú Sàfúrátù yọ, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, egbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

"Ṣáájú," ni Dókítà wí.

Ẹ̀rọ dún káká. Ojú mìíràn yọ, ó ń dán.

"Lẹ́yìn!"

Gbogbo ilé dákẹ́. Dókítà rò pé ìyanu ló dè wọ́n lẹ́nu. Ó na àyà.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Mùktárù wí nínú òkùnkùn.

"Sàfúrátù náà ni, Màmá. Ìpara mi ti wò ó sàn."

"Sàfúrátù alábọ́ ti Bọ́ládé? Ọmọ Ọ̀yọ́? Níbo ló wá ta àbàjà rẹ̀ sí?"

Ariwo sọ. Dókítà gbọ́wọ́ sókè bí olùkọ́. "Ẹ fara balẹ̀, ó wà nínú ìwé. Ẹnì kan bi mí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti dáhùn. Mo kọ ọ́ báyìí pé: 'Àrùn yìí a máa fi àpá gbọọrọ hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin. Bí àrùn bá le, àpá náà yóò dùbúlẹ̀. Bí ìpara Akínbọ̀wálé bá ti ń ṣiṣẹ́, àpá tó dùbúlẹ̀ yóò dìde dúró. Bí ara bá sì…'"

Ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti bá ẹnu rẹ̀. Ní gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yẹn ti gúnwà nínú ìwé ńlá ńlá. Ní Yorùbá, níwájú àwọn tó kọlà sẹ́rẹ̀kẹ́, kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Àlàájì Rájí rọra gbé ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

"Àlàájì, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo…"

"Mẹ́rin mẹ́rin ni tèmi. Gbogbo wọn ló sì dùbúlẹ̀. Ṣé mo ti ń kú lọ ni?"

"Rárá o, Àlàájì! Tiyín kì í ṣe àrùn, tiyín…"

"Bàbá mi ló pe olóòlà tó fi abẹ kọ ọ́ fún mi. Àrùn wo ni bàbá mi san owó rẹ̀?"

Ìyá Mùktárù ti dìde dúró, ó na ọ̀pá sí ojú Dókítà. "Ìwọ alára ńkọ́? Pélé wo ló wà lójú tìẹ yẹn? Àbí ìwọ ti ń sàn bọ̀?"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, "Alábàjà wọlé, onípélé jáde!" gbogbo ilé sì gbà á lórin. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, bóyá ẹ̀rín ló mú un ni, kò dúró mọ́, ó ń yí àwòrán lọ. Onígọ̀ǹbọ́ wọlé, olójú dídán jáde. Ọkùnrin aláìnírun wọlé, ẹlòmíràn jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n àti eyín wúrà. Ọ̀gá ìjọba kan fi táì nu omijé ẹ̀rín.

"Ẹ dákẹ́!" Dókítà ké. "Ẹ ò mọ sáyẹ́ǹsì! Aláìsàn wà láàyè, ara rẹ̀ le! Bí ó bá wà níbí, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ!" Ó sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí aláìsàn jókòó sílé.

"Ó wà níbí," ni Àrìnkẹ́ wí.

Ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ gba àárín èrò kọjá. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ká ìró rẹ̀ kúrò, oòrùn sì wọlé. Sàfúrátù tú gèlè.

Ẹ̀rín tán. A gbọ́ bí àwọn ìyá kan ṣe ń fa èémí. Egbò náà ti jẹ ìsàlẹ̀ etí, ó ti ń yọ́ lọ sí ọrùn.

Sàfúrátù wo ojú tó ń dán lára ògiri, ó wá yíjú sí Dókítà. Kò pariwo. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní mo ti sàn. Mo wá béèrè ẹni tí ẹ gbé ìwòsàn mi fún."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ọsibítù kò rí i?" Àlàájì béèrè.

"Wọ́n rí i, Àlàájì. Wọ́n dá ọjọ́ pé kí n wá kí àwọn gé e. Dókítà ní kí n má lọ."

"Nítorí kí ni?"

Àrìnkẹ́ ló dáhùn. "Ó ní bí wọ́n bá gé e, kí lòun fẹ́ kọ."

Àlàájì Rájí dìde, ó ká apá agbádá sí èjìká. "Ẹ pe dírẹ́fà mi. Ó ń lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, nínú mọ́tò mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo ti gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kọ́ ilé ìwádìí sórí sáìnbọ́ọ̀dù."

Bí wọ́n ṣe ń sin Sàfúrátù jáde ní ẹnu ọ̀nà ńlá, Dókítà ń wá ọ̀nà kékeré. Ó gba ojú fèrèsé. Ìṣó tí wọ́n fi ta ìró mú gáùn lẹ́yìn, ó gbé e rọ̀ dirodiro, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú. Ẹni tó ni ìró dé, ó ní kí ó kúrò lórí ìró òun. Ó fa ìró, gáùn bá a lọ, Dókítà já sínú ẹrẹ̀ ìta pẹ̀lú singilẹ́ẹ̀tì. Iná fótò kọ mànà. Wọ́n ti háyà Rùfáì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Rùfáì kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì.

Wọ́n gé egbò náà ní ọsibítù. Nítorí ó ti pẹ́, ó mú ìdajì etí lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé egungun. Lọ́tẹ̀ yìí, Àrìnkẹ́ rántí béèrè iye ìwé tí dókítà tó gé e ti kọ. Ọkùnrin náà ní òun kò tíì kọ ìkankan, aláìsàn kò jẹ́ kí òun ráyè. Sàfúrátù padà sí Bọ́ládé sábẹ́ agboòrùn ńlá kan tí Àrìnkẹ́ rà fún un. Àwọn oníbàárà ní ìdajì etí tó kù náà kì í gbọ́ iye tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Dókítà kó kúrò ní Òkè-Àfà láìdágbére. Sáìnbọ́ọ̀dù rẹ̀ di afárá orí gọ́tà, làpálàpá ilẹ̀ Áfíríkà ni ènìyàn sì kọ́kọ́ ń tẹ̀ bó bá fẹ́ sọdá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ wo gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù Rùfáì. Fótò méjì wà níbẹ̀ nínú férémù kan náà. Nínú àkọ́kọ́, Dókítà dúró nínú gáùn, ó na àyà, ó na ìka sí ògiri. Rùfáì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé *Ṣáájú*. Nínú èkejì, ó wà nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú singilẹ́ẹ̀tì, ó la ẹnu, *Lẹ́yìn*. Àwọn àgbà a máa dúró níbẹ̀, wọn a fi ojú wá pélé nínú èyí, wọn a wá a nínú ìyẹn, wọn a sì mi orí. Nínú gbogbo ṣáájú àti lẹ́yìn tí Dókítà fi hàn láyé rẹ̀, èyí nìkan ni ojú méjèèjì ti jẹ́ ti ẹnì kan náà.